Ojúlé Wo Ni Kí Oníṣòwò Kékeré Kàn ní Ilé-iṣẹ́ Òwò Ìjọba?

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan wà ní Ìbàdàn tí ó ń ṣe èlùbọ́ iṣu, tí ó ń dì í sínú ọ̀rá, tí ó sì ń tà á fún àwọn ilé ìtajà. Ní ọjọ́ kan, ó gbé àpò èlùbọ́ kan àti fáìlì rẹ̀, ó di ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ tí ó ń rí sí òwò, ó ní òun wá gba nọ́ńbà NAFDAC, àjọ tí ó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn. Akọ̀wé tí ó bá níbẹ̀ gbé bírò kalẹ̀, ó wo àpò èlùbọ́, ó wo ẹ̀gbọ́n mi, ó ní, “Màmá, ẹ kú làálàá o, àmọ́ ibí kọ́. Ilé-iṣẹ́ ìlera ló ni NAFDAC.” Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó tilẹ̀ júwe ọ̀nà fún un. Síbẹ̀, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ń ròyìn rẹ̀ fún mi lálẹ́ ọjọ́ náà, kì í ṣe owó ọkọ̀ ni ó ń dùn ún. Ó ní ohun tí òun wá lọ kò sí níbẹ̀, èyí tí ó sì wà níbẹ̀ fún òun, òun kò mọ̀ ọ́n bèèrè.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń bá a kọ fọ́ọ̀mù, tí mo ń bá a ka òfin, tí a sì jọ ń tò sórí ìlà. Ohun tí mo rí ni pé àṣìṣe rẹ̀ ni àṣìṣe ọ̀pọ̀ wa: a rò pé ilé kan tí ó ní ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ó ń rí sí òwò. Agboolé ni. Àwọn baálé agboolé náà ni mínísítà ní Àbújá tàbí kọmíṣánnà ní ìpínlẹ̀, pẹ̀lú akọ̀wé àgbà tí ó ń darí àwọn òṣìṣẹ́; iṣẹ́ wọn ni láti la ìlànà sílẹ̀, láti bá orílẹ̀-èdè mìíràn dúnàádúrà, àti láti mójú tó àwọn àjọ tí ó wà lábẹ́ wọn. Wọn kì í bá ẹnikẹ́ni kọ fọ́ọ̀mù. Àwọn àjọ tí ó wà ní ojúlé kọ̀ọ̀kan ni ó ń bá ará ìlú ṣe nǹkan, òfin tí ó dá ọ̀kan sílẹ̀ yàtọ̀ sí ti èkejì, owó wọn yàtọ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ojúlé kan kò sì mọ ohun tí ẹ ti ṣe ní ojúlé kejì.

Kí ẹ tó jáde nílé

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé, ìjọba wo ni ó ni ọ̀rọ̀ tí ẹ gbé dání? Òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 ti pín in. Ìforúkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ àti orúkọ òwò, àmì ìdánimọ̀ ọjà, òṣùwọ̀n, ìlànà dídára ọjà, pẹ̀lú òwò tí ó ń lọ sí òkè òkun tàbí tí ó ń ti ibẹ̀ bọ̀, ti ìjọba àpapọ̀ nìkan ni gbogbo wọn. Gómìnà kankan kò lè fún yín ní ìwé wọn. Ṣùgbọ́n òfin kan náà yọ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kúrò nínú àwọn tí àpapọ̀ yóò máa forúkọ wọn sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ fi ń gba ìwé lọ́dọ̀ ìpínlẹ̀. Ní Èkó àti ní Ọ̀yọ́, a rí i nínú orúkọ ilé-iṣẹ́ ìjọba náà pàápàá, nítorí wọ́n so òwò àti aláfọwọ́sowọ́pọ̀ pọ̀ sábẹ́ kọmíṣánnà kan. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yin obìnrin mẹ́wàá tí ẹ ń yan gàrí ni ẹ fẹ́ kó ara yín jọ kí ẹ lè ra ẹ̀rọ kan ṣoṣo, ẹ má ṣe wá Àbújá lọ. Ọ̀dọ̀ ìpínlẹ̀ ni kí ẹ gbà.

Mímú kí ilé-iṣẹ́ gbèrú jẹ́ ohun tí àpapọ̀ àti ìpínlẹ̀ jọ ní ẹ̀tọ́ láti ṣe, kò sì bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ẹni tí ó bá gba Dùgbẹ̀ kọjá yóò rí Ilé Kòkó tí wọ́n parí ní ọdún 1965, tí wọ́n fi owó kòkó Ìwọ̀-Oòrùn kọ́, tí ó wà lára dúkìá tí Ilé-iṣẹ́ Odù’a, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1976, ń tọ́jú fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ó jogún agbègbè náà. Ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ kọ́ ilé-iṣẹ́ sí, ọ̀nà tí ó dé ibẹ̀, àti ìmọ̀ràn lórí ibi tí ìjọba ti ya sọ́tọ̀ fún irú iṣẹ́ yín, ọ̀dọ̀ ìpínlẹ̀ ni ẹ ti máa rí i.

Ìjọba ìbílẹ̀ ni ó ni ọjà, búkà, ṣọ́ọ̀bù àti ilé búrẹ́dì. Owó ìforúkọsílẹ̀ ibi ìṣòwò, ìpínlẹ̀ ni ó ń gbà á. Nígbà tí wọ́n ṣe òfin ọdún 1998 tí ó to owó-orí ìjọba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n kọ ọ́ pé ní ìgboro, owó yìí kò gbọ́dọ̀ ju ₦10,000 lọ ní ìgbà àkọ́kọ́ àti ₦5,000 ní ọdọọdún lẹ́yìn náà. Ní ìgbèríko, ó jẹ́ ₦2,000 àti ₦1,000. Àwọn ìpínlẹ̀ ti ṣe òfin tiwọn láti ìgbà náà, nítorí náà, kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ ní kí wọ́n fi ìwé tí wọ́n kọ iye náà sí hàn yín, kí ẹ sì san án sí báńkì. Ẹni tí ó bá wọ ṣọ́ọ̀bù yín pẹ̀lú ìwé rìsíìtì lábíyá, tí ó ń fi àgádágodo halẹ̀ pé òun yóò ti ilẹ̀kùn pa, ẹ bi í léèrè orúkọ òfin tí ó rán an. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní dúró dáhùn.

Orúkọ òwò

Ojúlé tí gbogbo yòókù yóò béèrè ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ yín ni ti Àjọ CAC, tí ó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti orúkọ òwò sílẹ̀, nítorí náà ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Òfin ilé-iṣẹ́ tí à ń pè ní CAMA, ti ọdún 1990, ni ó dá a sílẹ̀. Èyí tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni à ń lò báyìí. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni iṣẹ́ náà wà: ẹ ó ṣí àkáǹtì lórí ojú òpó àjọ náà, ẹ ó fi orúkọ méjì sílẹ̀ kí wọ́n lè wò ó bóyá ẹlòmíràn kò tíì ní in, bí wọ́n bá sì fọwọ́ sí ọ̀kan, wọn yóò dì í mú fún yín, kò ní ju 60 ọjọ́ lọ. Láàárín ìgbà náà ni ẹ ó fi nọ́ńbà NIN yín, fọ́tò, ìbuwọ́lùwé, àdírẹ́sì ibi ìṣòwò àti irú iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe ránṣẹ́.

Ibi tí ẹ̀gbọ́n mi ti kọsẹ̀ nìyí, kì í sì í ṣe òun nìkan. Òwò náà ń dùn mọ́ ọn, oníbàárà ń pọ̀, ó wá lọ tẹ orúkọ kan sára ẹgbẹ̀rún méjì ọ̀rá kí ó tó ṣe àyẹ̀wò orúkọ náà. Nígbà tí a fi í ránṣẹ́, èsì dé pé ẹlòmíràn ti ní in. Àwọn ọ̀rá náà ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná rẹ̀, ó fi wọ́n ń di ata gbígbẹ àti ẹ̀wà fún àwọn ọmọ tí ó bá wá kí i, kò sì sí ẹni tí ó ṣí ọ̀kan tí kò ní rẹ́rìn-ín, nítorí ewé iṣu àti àwo àmàlà ni wọ́n yà sí ara rẹ̀. Orúkọ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá ìdánilójú rẹ̀, kí ẹ tó pe onítẹ̀wé.

Àwọn orúkọ kan wà tí ẹ kò lè sọ láìgba àṣẹ, irú bí èyí tí ó bá ní “Federal”, “National”, “State” tàbí “Government” nínú, torí kí ará ìlú má baà rò pé ìjọba ni ó ni òwò yín. Mo ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ta kú pé òun yóò jẹ́ “National” nítorí pé ọkọ̀ òun ń dé Kánò. Oṣù méjì ni ó fi jà, kò bọ́ sí i.

Ẹ ó ní láti yàn láàárín orúkọ òwò lásán àti ilé-iṣẹ́ tí à ń fi “Limited” parí orúkọ rẹ̀. Ìyàtọ̀ wọn ju orúkọ lọ. Nínú orúkọ òwò lásán, ẹ̀yin àti òwò yín, ọ̀kan náà ni yín lójú òfin. Bí òwò bá jẹ gbèsè, ẹ̀yin ni ẹ jẹ ẹ́, wọ́n sì lè wọlé wá gbé fìríìjì yín. Ilé-iṣẹ́ ní tirẹ̀ dá dúró bí ènìyàn: ó lè ra ilẹ̀, ó lè pe ẹjọ́, gbèsè rẹ̀ kì í sì í kọjá ohun tí ẹ fi sínú rẹ̀, àyàfi bí ẹ bá ti fi ọwọ́ ara yín ṣe onídùúró. Kí òfin 2020 tó dé, ẹ̀yin méjì ni ẹ gbọ́dọ̀ wà kí ẹ tó lè dá a sílẹ̀, àwọn ènìyàn a máa kọ orúkọ àbúrò tàbí ìyàwó sílẹ̀ láìjẹ́ pé ẹni náà mọ̀. Ní báyìí, ẹnì kan ṣoṣo lè dá ilé-iṣẹ́ àdáni sílẹ̀, ìpín owó rẹ̀ tí ó kéré jù sì jẹ́ ₦100,000. Ẹni tí ó ń ta búrẹ́dì ní iwájú ilé kò nílò rẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ yá owó ra ẹ̀rọ, tí ó fẹ́ gba òṣìṣẹ́, tí ó sì fẹ́ ta ọjà lọ sí òkè òkun, kí ó ronú nípa rẹ̀ dáadáa kí ó tó náwó lórí orúkọ òwò lásán.

Bí ìwé bá ti jáde, ọ̀pọ̀ ènìyàn á gbé e kọ́ sí ara ògiri, wọn á gbàgbé. Àjọ náà ń retí ìròyìn ọdọọdún lọ́wọ́ yín. Fún orúkọ òwò, ó gbọ́dọ̀ dé kí ọjọ́ 30 oṣù kẹfà tó kọjá lọ́dọọdún, àyàfi ọdún tí ẹ forúkọ sílẹ̀ gan-an. Ẹni tí kò bá ṣe é yóò san owó ìtanràn, ojú òpó àjọ náà yóò sì máa fi òwò rẹ̀ hàn bí èyí tí kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ọjọ́ tí báńkì tàbí oníbàárà ńlá bá wò ó ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀. Ẹ kọ ọ́ sí ara kàlẹ́ńdà ilé, ní ẹ̀gbẹ́ ọjọ́ tí ẹ ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ.

Àmì ọjà kì í ṣe orúkọ òwò

Ìwé CAC kò sọ orúkọ ara ọ̀rá yín di tiyín. Ohun tí ó ṣe ni pé ó jẹ́ kí ẹ máa ṣòwò lábẹ́ orúkọ kan. Bí ẹlòmíràn bá fi irú orúkọ àti àwòrán yín ta èlùbọ́ tirẹ̀ ní Ọjà Bódìjà, ìwé àmì ọjà ni yóò gbè yín jù lẹ́sẹ̀, ọ̀tọ̀ sì ni ojúlé tí ó ń fúnni: ẹ̀ka àmì ìdánimọ̀ ọjà, tí ó wà nínú ilé-iṣẹ́ òwò àpapọ̀ fúnra rẹ̀ ní Àbújá. Òfin tí ó ń lò dàgbà ju ọ̀pọ̀ nínú wa lọ, ọdún 1965 ni ó ti wà.

Gbogbo ọjà àti iṣẹ́ ni wọ́n pín sí ìsọ̀rí 45. Ìsọ̀rí 30 ni èlùbọ́ wà, ìsọ̀rí 3 ni ọṣẹ, ìsọ̀rí 24 ni aṣọ tí a kò tíì rán, ìsọ̀rí 25 ni aṣọ tí a ti rán. Ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan ni ìbéèrè tirẹ̀, nítorí náà ẹni tí ó ń ta àdìrẹ bí aṣọ àti bí bùbá yóò béèrè lẹ́ẹ̀méjì. Ọ̀pọ̀ ń gba lọ́yà tí ó mọ iṣẹ́ yìí láti bá wọn ṣe é, n kò sì rò pé owó náà ṣòfò. Bí wọ́n bá gba àmì náà wọlé, wọn yóò tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn àmì ọjà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ohun tí ó fẹ́ sọ tako o ní oṣù méjì láti sọ ọ́. Bí kò bá sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀, ìwé ẹ̀rí á jáde, yóò wà fún ọdún 7, lẹ́yìn náà ẹ lè máa sọ ọ́ dọ̀tun ní ọdún mẹ́rìnlá mẹ́rìnlá. Àkókò tí ìwé ìròyìn náà ń gbà kó tó jáde ni ó ń tán ènìyàn ní sùúrù. Ti ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà níbẹ̀.

Má ṣe yan orúkọ tí ó kàn ń ṣàlàyé ọjà lásán. “Èlùbọ́ Funfun” kò ní dé ibì kan, nítorí pé gbogbo ẹni tí ó ń ta èlùbọ́ ni ó lẹ́tọ̀ọ́ láti pè é ní funfun. “Èlùbọ́ Ṣakí” náà kò ní rọrùn, nítorí orúkọ ìlú ni. Orúkọ tí ẹ fúnra yín dá, tí kò sọ bí ọjà ti rí tàbí ibi tí ó ti wá, òun ni òfin fẹ́ràn jù.

Àwọn aláró Ìtòkú ní Abẹ́òkúta a máa bi mí bóyá wọ́n lè forúkọ iṣẹ́ ọnà ara àdìrẹ sílẹ̀, nítorí aṣọ tí ẹ̀rọ ilẹ̀ òkèèrè ń tẹ̀ jáde bí àdìrẹ ti ń gba ọjà lọ́wọ́ wọn. Òfin ọdún 1970 gbà kí a forúkọ àwòrán ara ọjà sílẹ̀ fún ọdún 5, a sì lè sọ ọ́ dọ̀tun lẹ́ẹ̀méjì, ọdún 5 ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n àwòrán náà gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun. “Ìbàdàn dùn” àti “Olókun” tí ìyá àwọn ìyá wa ti ń fi iyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ yà, kò sí ẹnì kan tí ó lè sọ pé tòun ni. Èyí tí ẹ fúnra yín dá lánàá, tí ẹ kò tíì gbé jáde sí Facebook, òun ni kí ẹ yára mú lọ.

Òṣùwọ̀n àti dídára ọjà

Ẹ wo kóńgò tí wọ́n fi ń wọn gàrí lọ́jà. Ẹ yí i pa dà, ẹ ó rí i pé wọ́n ti fi òkúta lu ìdí òmíràn wọnú, tí ó fi jẹ́ pé ohun tí ó hàn ní òkè bí òkìtì, àyè rẹ̀ ti sọnù nísàlẹ̀. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ẹ̀ka kan wà nínú ilé-iṣẹ́ òwò àpapọ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju òṣùwọ̀n lọ, òfin ọdún 1974 ni ó sì ń lò: àwọn ni wọ́n ń yẹ òṣùwọ̀n òwò wò, láti orí ti alápatà dé orí ẹ̀rọ ilé epo, wọn á sì fi òǹtẹ̀ lu èyí tí ó bá pé. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ti kọ “2kg” sára ọ̀rá yín, ẹ ti wọ ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Ẹ̀gbọ́n mi ń lo òṣùwọ̀n kékeré olórí ike tí ó rà ní Gbági. Nígbà tí a fi ohun tí a mọ ìwọ̀n rẹ̀ dán an wò, ó ń fi èlùbọ́ kún ọ̀rá kọ̀ọ̀kan láìmọ̀. Ọdún mẹ́ta ni ó ti ń fún àwọn oníbàárà ní ènì tí kò pinnu.

Àjọ SON ni ó ń ṣe ìlànà bí ọjà ṣe gbọ́dọ̀ rí. Ìwé ìlànà NIS wà fún ọ̀pọ̀ ọjà, ẹ lè rà á lọ́wọ́ wọn, mo sì gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ rà á kí ẹ tó ra ẹ̀rọ, torí òun ni ẹni tí yóò wá yẹ̀ yín wò yóò mú dání. Ọjà tí a ṣe nílé ni ètò MANCAP wà fún. Èyí tí ó ń ti òkèèrè wọlé ni SONCAP wà fún. Ní MANCAP, wọn yóò wá sí ibi iṣẹ́ yín, wọn yóò mú díẹ̀ nínú ọjà lọ sí yàrá àyẹ̀wò, wọn yóò wo ìwé tí ẹ ń kọ nípa ọjà tí ẹ ń ṣe lójoojúmọ́. Oúnjẹ, oògùn, ọṣẹ àti ìpara tún ní ti NAFDAC, tí kì í ṣe ara agboolé yìí rárá. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀kan ti dípò èkejì.

Bí ọjà bá fẹ́ sọdá òkun

Ọ̀pọ̀ èlùbọ́ tí wọ́n ń jẹ ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, inú báàgì arìnrìn-àjò ni ó gbà dé ibẹ̀. Òwò wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìjọba kò kà á sí òwò òkè òkun, ẹni tí ó ń ṣe é kò sì lè fi ìwé rẹ̀ yá owó. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe é bó ti yẹ yóò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NEPC, àjọ tí òfin ọdún 1976 dá sílẹ̀ láti gbé òwò òkè òkun lárugẹ, ibí yìí sì ni ẹni tí ó ní orúkọ òwò lásán ti máa ń kábàámọ̀, nítorí ilé-iṣẹ́ tí ó ní “Limited” àti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ni wọ́n mọ̀ jù. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó lọ sí báńkì yín láti ṣí fọ́ọ̀mù NXP, tí ó ń sọ iye ọjà àti iye owó tí ẹ ń retí. Owó náà gbọ́dọ̀ wọlé pa dà sí Nàìjíríà láàárín 180 ọjọ́, gẹ́gẹ́ bí òfin báńkì àpapọ̀. Kọ́sítọ́ọ̀mù wà lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ìṣúná, ìwé tí ó ń jẹ́rìí pé kòkòrò kò sí nínú ohun ọ̀gbìn wà lọ́wọ́ àjọ kan lábẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ òwò kò lè bá yín yanjú ti àwọn méjì wọ̀nyí, àfi kí ó júwe ọ̀nà.

Ẹ fi ti ẹ̀wà kọ́gbọ́n. Ní ọdún 2015, àwọn ilẹ̀ Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ Nàìjíríà nítorí oògùn kòkòrò tí wọ́n rí nínú rẹ̀, tí ó pọ̀ ju bí òfin wọn ti gbà lọ. Kì í ṣe ẹni tí ó kó ẹ̀wà náà lọ nìkan ni ó jìyà rẹ̀. Gbogbo ẹni tí ó ń ta ẹ̀wà síbẹ̀ ni, àti ẹni tí kò kan oògùn rí. Nítorí náà, bí NEPC bá pe ìpàdé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí ọjà tí ẹ ń tà, ẹ lọ, kí ẹ sì béèrè ní pàtó ohun tí ilẹ̀ tí ẹ ń kó o lọ kò fẹ́ rí nínú rẹ̀. Oògùn tí ẹ fi pa kòkòrò nínú àká kò ṣeé fọ̀ kúrò ní èbúté Àpápá.

Ní ti owó àti ẹ̀kọ́, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. SMEDAN, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2003, ń forúkọ oníṣòwò kékeré sílẹ̀, ó sì ń kọ́ wọn. Báńkì Ilé-iṣẹ́ tí à ń pè ní BOI, tí ó ti ara báńkì kan tí ó ti wà láti ọdún 1964 jáde, ń yáni lówó ra ẹ̀rọ. Ìwé ìṣirò yín ni yóò kọ́kọ́ béèrè. ITF, àjọ tí ó ń rí sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́, tí olú-ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Jọ́ọ̀sì, ń gba ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù tí ẹ ń san, bí òṣìṣẹ́ yín bá ti pé 5 tàbí tí owó tí ń wọlé lọ́dún bá ti tó ₦50 mílíọ̀nù, ó sì ń dá lára rẹ̀ pa dà fún ẹni tí ó bá kọ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí yóò bá yín sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp pé kí ẹ fi ₦5,000 ránṣẹ́ kí orúkọ yín má baà jábọ́.

Bí ọ̀rọ̀ bá dojú rú

Bí ẹ bá ra ọjà tí kò dára, ẹni tí ó tà á ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí. Bí kò bá dáhùn, FCCPC, àjọ àpapọ̀ tí ó ń dáàbò bo oníbàárà, ni ojúlé rẹ̀, ní Èkó sì ni LASCOPA, irú àjọ bẹ́ẹ̀ ti ìpínlẹ̀, wà pẹ̀lú. Rìsíìtì ni ẹlẹ́rìí yín, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ gbà á, torí yíǹkì ara irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ pa rẹ́.

Bí ó bá jẹ́ pé ọ́fíìsì ìjọba gan-an ni ó ń fi yín falẹ̀, agbára wà lọ́wọ́ yín ju bí ẹ ti rò lọ. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, Ọ̀jọ̀gbọ́n Yemi Osinbajo, tí ó ń delé fún ààrẹ nígbà náà, buwọ́ lu àṣẹ kan pé kí gbogbo àjọ kọ ohun tí wọ́n ń béèrè, iye tí ó jẹ́ àti ọjọ́ tí yóò gbà síta, kí ará ìlú lè rí i. Òfin ìrọ̀rùn òwò ti 2022 tún sọ ọ́ di òfin: bí ọjọ́ tí wọ́n dá bá kọjá láìsí èsì, a ó ka ìbéèrè náà sí èyí tí wọ́n ti fọwọ́ sí. Dókítà Jumoke Oduwole, tí wọ́n yàn ní mínísítà òwò ní ọdún 2024, ni ó jẹ́ akọ̀wé ìgbìmọ̀ tí ó ń ti ètò yìí lẹ́yìn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ dárúkọ òfin náà nínú lẹ́tà yín, ẹ kò ní láti bínú.

Lẹ́tà náà, ẹ kọ ọ́ sí akọ̀wé àgbà tàbí ọ̀gá àgbà àjọ náà. Kí ó má kọjá ojú ewé kan: ọjọ́ tí ẹ fi ìbéèrè sílẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀, iye tí ẹ san, ọjọ́ tí wọ́n ní yóò jáde, àti ohun kan ṣoṣo tí ẹ ń fẹ́. Ẹ má ṣe kọ ìtàn ìdílé sínú rẹ̀, ẹ má sì bú ẹnikẹ́ni. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní méjì. Ní ibi tí wọ́n ti ń gba lẹ́tà, ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ mọ́ ara èkejì, kí ẹ mú un lọ sílé. Bí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ bá ní òǹtẹ̀ kò sí lórí tábìlì, ẹ jókòó dè é. Ẹ̀ka SERVICOM, tí ètò rẹ̀ ti wà láti ọdún 2004, wà nínú ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ láti gbọ́ ẹ̀sùn, ẹ lè fi ẹ̀dà kan fún wọn. Bí ó bá sì jẹ́ ìwé tàbí àkọsílẹ̀ ni ẹ fẹ́ rí, ẹ kọ ọ́ sórí lẹ́tà náà pé lábẹ́ òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011 ni ẹ ti ń béèrè. Ọjọ́ 7 ni òfin náà fún wọn láti dáhùn, a sì máa bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti ọjọ́ tí ó wà lára òǹtẹ̀ yẹn.